«A Dúpẹ́» Kì í Ṣe Ìdáhùn: Lámèyítọ́ Lórí Ẹ̀kọ́ Ìgbéléwọ̀n Ètò, láti Ọwọ́ Ẹni Tó Gba Ìwé-Ẹ̀rí Rẹ̀

Mo ti gba ìwé-ẹ̀rí nínú iṣẹ́ ìgbéléwọ̀n ètò. Oṣù mẹ́sàn-án ni ẹ̀kọ́ náà gbà: alaalẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ méjì ojúkojú nínú yàrá kan tí fáànù rẹ̀ ń pariwo ju olùkọ́ lọ. N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ẹ̀sùn sí wọn lọ́rùn. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni wọ́n ń kọ́ níbi gbogbo tí wọ́n ti ń fún ènìyàn ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, láti Dakar títí dé Bern. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ìjábọ̀ ìkẹyìn tí mo fi gba ìwé-ẹ̀rí náà, èyí tí mo fọwọ́ ara mi kọ ní èdè Faransé. Mo ti ṣe lámèyítọ́ ewì àti ìtàn àwọn ẹlòmíràn rí nínú ọ̀wọ́ àpilẹ̀kọ yìí, n kò sì gbójú fo àṣìṣe wọn. Ó kan ìwé tèmi wàyí.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi wá ìwé náà lọ, nítorí owó wà nínú rẹ̀. Àwa tí a kọ́ ẹ̀kọ́ èdè ní ilẹ̀ wa mọ ìṣe yìí dáadáa: bí àjọ kan bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò tí wọ́n ṣe ní Kétu, ní Ṣábẹ tàbí ní ìgbèríko Àjàṣẹ́ yọrí sí rere, wọ́n á wá wa. Wọ́n á fún wa ní ìwé ìbéèrè tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ní Faransé, a ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá lójú ẹsẹ̀ lórí àpótí tí onílé gbé fún wa jókòó, a ó sì tún túmọ̀ ìdáhùn padà sí Faransé. Owó òòjọ́ ni wọ́n ń san fún wa. Ẹlòmíràn tí kò gbọ́ Yorùbá ni yóò jókòó ní Kútọnu kọ ìjábọ̀, orúkọ tirẹ̀ ni yóò sì wà lẹ́yìn ìwé. Nínú ìwé ìpè fún iṣẹ́, wọn a máa béèrè ẹ̀rí pé olórí ikọ̀ kọ́ ìgbéléwọ̀n. Wọn kì í sábà béèrè ẹ̀rí pé ó gbọ́ èdè ibi tó ń lọ. Ó sú mi. Mo ní kí n lọ gba ìwé náà, kí èmi náà lè máa buwọ́ lu ohun tí mo fetí ara mi gbọ́.

N kò ní purọ́, ẹ̀kọ́ náà dára. Mo mọ̀ báyìí pé ọdún 1967 ni Michael Scriven ya ìgbéléwọ̀n tí à ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, kí iṣẹ́ náà lè túbọ̀ dára, sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí à ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí a lè dá a lẹ́jọ́. Mo mọ̀ pé tábìlì olójú mẹ́rìndínlógún tí à ń pè ní «cadre logique», tí agbára káká ni a fi lè rí pùrójẹ̀ kan ní ilẹ̀ wa tí kò ní i, ọdún 1969 ni wọ́n ṣe é fún USAID, àjọ ìrànwọ́ ti Amẹ́ríkà. Láti inú iṣẹ́ Carol Weiss ni wọ́n ti kọ́ wa pé kí a máa bi ètò kọ̀ọ̀kan léèrè: báwo gan-an ni ẹ ṣe rò pé èyí yóò bí ìyẹn? Ìbéèrè yìí nìkan tó owó tí mo san. Wọ́n sì sọ fún wa pé orílẹ̀-èdè wa kò gbẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí: ìjọba Benin ní ìlànà ìgbéléwọ̀n ti ara rẹ̀ láti ọdún 2012, ó sì wà pẹ̀lú South Africa àti Uganda nínú ẹgbẹ́ Twende Mbele. Kiswahili ni orúkọ ẹgbẹ́ yẹn, «ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú» ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mi lọ́jọ́ náà pé ó ṣeé ṣe, nígbà náà, láti fi èdè Áfíríkà dárúkọ nǹkan nínú iṣẹ́ yìí.

Àmọ́ òpó tó gbé ẹ̀kọ́ náà ró ni ìbéèrè mẹ́fà. Márùn-ún ni wọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ ìrànwọ́ ìdàgbàsókè ti OECD gbé wọn kalẹ̀ ní ọdún 1991. Ọdún 2019 ni wọ́n fi ẹ̀kẹfà kún un. Ní Faransé, wọ́n ni «pertinence, cohérence, efficacité, efficience, impact, durabilité». A kọ́ wọn sórí bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ìṣirò. Mo máa padà sọ́dọ̀ wọn.

Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni pé kí n lọ gbé ètò kan léwọ̀n ní tòótọ́. Wọ́n fún mi ní ti àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Kétu. Àjọ kan láti òkè òkun ti ra ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́ fún wọn, ó kọ́ ilé páànù lé e lórí, ó sì dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí gàrí ṣe ń mọ́ tí kò ní ní iyanrìn. Ìbéèrè mẹ́tàlélógójì ló wà nínú ìwé mi. Ìdáhùn márùn-ún ló wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí «pas du tout satisfait» títí dé orí «très satisfait». Mo túmọ̀ wọn sí «kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá», «kò tẹ́ mi lọ́rùn», «ó wà láàárín», «ó tẹ́ mi lọ́rùn», «ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an». Inú mi dùn sí ìtumọ̀ náà.

Obìnrin kìíní tí mo bi ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́.

— Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Ṣé ẹ̀rọ tí wọ́n rà fún yín tẹ́ yín lọ́rùn?

— A dúpẹ́.

— Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn gan-an ni, àbí ó kàn tẹ́ yín lọ́rùn?

Ó gbójú sókè wò mí.

— A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fún wa. Ọlọ́run á san án fún wọn.

Mo fàmì sí àpótí kẹrin. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, nígbà tí ilẹ̀ sì fi máa ṣú, àpótí kẹrin àti ìkarùn-ún ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo wọn. Kọ̀ǹpútà mi ya àwòrán tó rẹwà láti inú rẹ̀.

Àwa tí a gbọ́ Yorùbá, ta ni nínú wa tí kò mọ ohun tí «a dúpẹ́» jẹ́? Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, tí a bi pé ara ńkọ́, a dúpẹ́ ni yóò wí. Ẹni tí kò tíì jẹun láti àárọ̀, a dúpẹ́ náà ni. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ìkíni ló ń dá padà. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń ti ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, kí àlejò má baà já wọ yàrá. Bí àlejò bá fẹ́ mọ bí ara ṣe rí ní tòótọ́, yóò jókòó, yóò gba omi mu, yóò wá tún un béèrè lọ́nà mìíràn. Èmi kò jókòó. Ìbéèrè méjìlélógójì ló kù mí kù.

Ìwé ẹ̀kọ́ wa mọ̀ nípa èyí o. Ó pè é ní «biais de courtoisie», ó sì fún un ní ìpínrọ̀ kan. Oògùn tó júwe fún un ni pé kí a fi dá ènìyàn lójú pé a kò ní kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì máa da ìbéèrè rú kí ó má baà mọ èyí tí à ń fẹ́. Ẹni tó júwe oògùn yìí rò pé ẹ̀rù ló ń ba ẹni tí à ń bi. Ẹ̀rù mi kò ba àwọn obìnrin wọ̀nyẹn; bí ọmọ wọn ni mo jẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ohun tí àwọn àgbà ń pè ní yinni yinni kẹ́ni ó ṣe mìíràn. Wọ́n mọ̀ pé pùrójẹ̀ máa ń ní ìpele kejì. Ẹni tó fún wọn lẹ́bùn ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wá ní kí wọ́n ka àléébù ẹ̀bùn náà fún ìránṣẹ́ rẹ̀. Ìṣirò ni wọ́n ṣe, ìṣirò náà sì péye. Ẹni tó bá pe èyí ní àṣìṣe kò rí i pé àwọn náà ń gbé wa léwọ̀n.

Ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ òótọ́, kì í sì í ṣe nípa ọgbọ́n mi. Òjò ló dá mi dúró. Mo bá wọn jókòó lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n fún mi lọ́bẹ, mo ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́, wọ́n sì ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà nítorí pé mo ń gé ẹ̀gẹ́ mọ́ èèpo. Nígbà tó yá, láìsí ìwé lọ́wọ́ mi, mo béèrè pé: «Èyí tí a bó yìí, níbo lẹ máa ti lọ̀ ọ́?» Wọ́n ní lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ lójú títì, tó ń gba owó lórí abọ́ kọ̀ọ̀kan. Tiyín ńkọ́? Ó wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ alága ìgbìmọ̀ abúlé, alága sì ti lọ sí oko; bí ó bá dé, epo kò ní sí; bí a bá fẹ́ ra epo, àfi kí alága kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ìyá àgbà kan tó jókòó sí ìkángun, tí kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ láti àárọ̀, wá sọ pé:

— Ọmọ mi, ẹ̀rọ yẹn kò ní ìyá.

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Bí òjò ṣe dá ni mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ inú ìjábọ̀ mi, ní ojú ìwé kọkàndínlógún: «Faible appropriation de l'équipement par les bénéficiaires.» Mo fẹ́ kí a ka gbólóhùn yìí bí a ti ń ka ìlà ewì, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn.

Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni ìyá àgbà lò. Ẹ̀rọ ni olùwà gbólóhùn rẹ̀. Ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ kàn, ohun tó sì ń ṣe ẹ̀rọ ni pé kò lẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ní agbo ilé wa, bí a bá ní ọmọ kan kò ní ìyá, kò sẹ́ni tó ń bá ọmọ náà wí, kò sì sẹ́ni tó ń bá àwọn obìnrin tó kù nínú ilé wí. Ìbéèrè tó ń tẹ̀lé e ni pé: ta ló gbé ọmọ yìí wá, ta ló sì fà á lé lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ń tọ́ka sí ẹni tó gbé ẹ̀rọ wá tí kò fà á lé àwọn tó ń lò ó lọ́wọ́, tó wá lọ kó kọ́kọ́rọ́ fún ọkùnrin tí kò yan gàrí rí. Ẹ̀sùn ni. Ó kàn fi àánú wé e ni.

Nínú Faransé tèmi, ẹ̀rọ ti kúrò ní ipò olùwà. Ìṣe ti di ọ̀rọ̀ orúkọ, «appropriation». Àrùn tó ń ṣe é ni «faible». Ẹnì kan ṣoṣo tó sì ṣẹ́kù nínú gbólóhùn náà tó lè ṣe nǹkan kan ni «les bénéficiaires», ìyẹn àwọn obìnrin. Alága kò sí níbẹ̀. Àjọ kò sí níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ka gbólóhùn mi yóò rò pé àwọn obìnrin ni kò ka ẹ̀rọ tí a fún wọn sí. Èmi kò purọ́ kankan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ mi ni mo lò, ọ̀rọ̀ náà sì bá mi purọ́.

Àmọ̀ràn tó lè tẹ̀lé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: «renforcer la sensibilisation des bénéficiaires». Mo kọ ọ́. Mo gba 17 nínú 20. Àjọ náà gba ẹ̀dà ìjábọ̀, wọ́n sì ṣe ohun tí ìjábọ̀ wí: wọ́n pe àwọn obìnrin sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì ní gbọ̀ngàn mẹ́rì, wọ́n là wọ́n lọ́yẹ̀ lórí bí ènìyàn ṣe ń mú ohun ìní ẹgbẹ́ bí ohun ìní ara rẹ̀. Ọjọ́ méjì tí wọn kò fi yan gàrí nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ wà níbi tó wà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé àṣìṣe ògbufọ̀ lásán ni èyí, àti pé ògbufọ̀ tó mọ iṣẹ́ jù mí lọ kì bá tí ṣe é. N kò gbà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ «bénéficiaire» fúnra rẹ̀. Bí a bá ní kí a túmọ̀ rẹ̀, «olùjàǹfààní» ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu: ẹni tó ń jẹ àǹfààní. A ti sọ pé ó jẹ àǹfààní kí a tó lọ bi í bóyá ó jẹ àǹfààní! Orúkọ tí a sọ ọ́ ti dáhùn fún un. Àwọn obìnrin náà kì í pe ara wọn bẹ́ẹ̀. «Àwa tá a ń yan gàrí» ni wọ́n ń wí, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń jẹ́ orúkọ. Ká ní mo ti kọ ọ́ pé àwọn tó ń yan gàrí kò láṣẹ lórí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ, ògbufọ̀ wo ni ìbá lè sọ ìyẹn di «faible appropriation»?

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí ni mo tó gbé ìbéèrè mẹ́fà náà ka iwájú, tí mo gbìyànjú láti sọ wọ́n ní Yorùbá tí ìyá àgbà yóò gbọ́. N kò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ orúkọ tuntun fún wọn. Mo jẹ́ kí wọ́n máa jẹ́ gbólóhùn, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. «Efficacité» àti «efficience», tí ìdajì kíláàsì wa ń dà pọ̀ mọ́ra títí di ọjọ́ ìdánwò, yà sọ́tọ̀ kíákíá. Ṣé ó ṣe ohun tó ní òun á ṣe? Ṣé ohun tó ṣe tó owó tó ná? Kò sí ìyá ọlọ́jà tí yóò da méjèèjì pọ̀. «Pertinence» di: ṣé ohun tí ẹ ń fẹ́ nìyí? Bí a bá sì ti sọ ọ́ báyìí, ojú á máa ti ni, nítorí pé kí a tó ra ẹ̀bùn ló yẹ kí a ti béèrè rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. «Cohérence» di: àwọn mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ládùúgbò ńkọ́? Ọkùnrin tó ní ẹ̀rọ lójú títì ìbá ti gba ibẹ̀ wọ inú ìjábọ̀ mi. N kò kọ ìlà kan ṣoṣo nípa rẹ̀. «Impact» gùn díẹ̀: kí ló ti yí padà, ìbáà ṣe sí rere tàbí sí búburú, tí kì bá tí yí padà ká ní ètò yìí kò wáyé? Ó gùn, àmọ́ ó yéni.

«Durabilité» ló dá mi dúró pẹ́ jù. Ní kíláàsì, wọ́n ní kí a wò ó bóyá rere tí ètò ṣe yóò máa bá a lọ nígbà tí owó bá tán. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá: bí onípùrójẹ̀ bá lọ, kí ló máa ṣẹ́kù, ta ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀? N kò lè sọ ọ́ kí «ta ni» má wọ inú rẹ̀. Mo gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Gbólóhùn náà á kàn gbé sókè bí àga ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ìgbà náà ni mo rí i pé ìbéèrè yìí gan-an ni ìyá àgbà dáhùn lábẹ́ òjò, kí n tó mọ bí mo ṣe máa bi í. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò sí ẹni náà. Èmi ni mo gbé ìdáhùn rẹ̀ lọ sábẹ́ àkọlé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí wọ́n fẹ́ràn gan-an, «redevabilité», kí ènìyàn máa jíhìn. Jíhìn jẹ́ ọ̀rọ̀ tó mú ní èdè wa, nítorí pé ẹni tó rán ni là ń jíhìn fún. Ta ló rán mi? Bí a bá wo ìwé àdéhùn, àjọ ló rán mi. Ní ọ̀sẹ̀ ojúkojú, nígbà tí à ń kọ́ bí a ṣe ń sọ ìròyìn tí kò dára fún ẹni tó ni owó, ọmọ kíláàsì mi kan tó wá láti Atakpamé pa òwe kan: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un. Olùkọ́ ní kí ó túmọ̀ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sójú pátákó. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo ti ronú sí i láti ìgbà náà. Ẹni tó fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ ẹrú kò fi iṣẹ́ náà pamọ́; ó jẹ́ ẹ, ohùn nìkan ló tún ṣe. Àwọn obìnrin náà rán mi níṣẹ́ lọ́jọ́ òjò yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò bá mi kọ ìwé àdéhùn. Iṣẹ́ wọn ni mo gbé sọnù lọ́nà, tí mo wá fi ohùn dídùn jẹ́ èyí tí wọn kò rán mi.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Áfíríkà ti ń sọ irú nǹkan báyìí kí ó tó kàn mí. Ẹgbẹ́ AfrEA, tó kó àwọn olùgbéléwọ̀n ilẹ̀ Áfíríkà jọ, ti wà láti ọdún 1999, Bagele Chilisa ti Botswana sì ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ìgbéléwọ̀n tí yóò ta gbòǹgbò nínú ìmọ̀ tiwa. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ẹ̀kọ́ wa fi tẹ́ wọn lọ́rùn, lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí oorun ń kun gbogbo wa. Ìlànà tí Rick Davies gbé kalẹ̀ ní Bangladesh, níbi tí a ti ń ní kí ènìyàn sọ ìtàn ohun tó yí padà ní ayé rẹ̀ dípò kí ó mú nọ́ńbà láti 1 dé 5, gba wákàtí kan. Ohun tí mo bá àwọn kan nínú wa nílé jà lé lórí ni pé, bí a bá ti ní ìgbéléwọ̀n ti Áfíríkà, wọ́n á fi òwe ṣí ìjábọ̀, wọ́n á ya ìlù sẹ́yìn ìwé, inú ìwé á sì wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe òwe ni ìjábọ̀ mi ṣe aláìní. Kọ́kọ́rọ́ ni kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe iṣẹ́ náà ní Yorùbá pàápàá, ìgbéléwọ̀n, láti ara gbígbé nǹkan lé ìwọ̀n, ti tó láti kìlọ̀ fún wa. Ẹni tó bá ti ra àgbàdo lọ́jà wa mọ̀ pé abọ́ tongolo kì í ṣe ohun tí à ń kàn gbà bẹ́ẹ̀. Olùrà á yí i padà wò bóyá wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, á sì wo ọwọ́ ẹni tó ń bu nǹkan sí i. Nínú oṣù mẹ́sàn-án, a kọ́ bí a ṣe ń bu nǹkan kún abọ́ dọ́gba. A kò yí abọ́ padà wò lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fúnni ní ìwé yìí ní ilẹ̀ wa má gba ìjábọ̀ àṣekágbá kankan tí kò bá ní ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tàbí Gùn, tàbí Fọ̀n, lè fi gbólóhùn wé gbólóhùn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sì padà lọ ka ohun tó kọ sí etí àwọn tó bi léèrè kí ó tó gbé e kalẹ̀ fún máàkì. Wọ́n ti sọ fún mi pé owó ọkọ̀ àti ọjọ́ iṣẹ́ kò ní gbà á. Wọ́n tún sọ ohun kan tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀: bí o bá ka ìjábọ̀ ní gbangba, àwọn alágbára inú abúlé yóò wà níjòókòó, àwọn tó sọ òótọ́ fún ọ lè tìtorí rẹ̀ rí ìyà. N kò ní èsì tó kún fún èyí. Ohun tí mo ní ni pé mo dán an wò.

Mo kọ ìjábọ̀ náà ní ọ̀tun ní Yorùbá, ojú ìwé mẹ́fà. Mo yọ ohun gbogbo tó lè fi ẹni tó sọ̀rọ̀ hàn. Mo gbé e padà lọ sí abúlé ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, mo sì kọ́kọ́ ka ibi tó kan àwọn obìnrin fún wọn láàárín ara wọn, wọ́n ní kí n ká a lọ. Alága wá, ó jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tí mo dé ibi tí mo kọ ọ́ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àjọ ni wọ́n ti mọ bí gàrí ṣe ń mọ́, ẹ̀rín sọ. Wọ́n ní ọmọdébìnrin tó wá kọ́ wọn, ọ̀dọ̀ wọn ló ti mọ̀ ọ́n. Mo fi bírò pa ìlà náà rẹ́ níwájú wọn. Nínú ìjábọ̀ tí mo fi gba ìwé-ẹ̀rí, abẹ́ àṣeyọrí ni ìlà yẹn wà.

Mo wá dé ibi kọ́kọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alága ń wo ilẹ̀. Mo ti fẹ́ ṣí ojú ìwé tó kàn nígbà tí ìyá àgbà sọ̀rọ̀ láti ibi tó jókòó sí:

— Ọmọ mi, tún ibẹ̀ kà.

Mo tún un kà. Alága ní òun ti gbọ́.

Mo ti fi ojú ìwé mẹ́fà náà ránṣẹ́ sí àjọ, pẹ̀lú Faransé rẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Wọn kò tíì fèsì. Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń kọ èyí, wọ́n tẹ̀ mí láago láti abúlé pé wọ́n ti gé kọ́kọ́rọ́ kejì, ó wà lọ́wọ́ obìnrin kan nínú wọn. Epo kò tíì sí.